Bí a ṣe ń yan wísíkì Írẹ́láǹdì l'Ékòó

Ẹni tó bá dúró níwájú pẹpẹ wísíkì ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Lẹ́kí, owó ló kọ́kọ́ máa ń wò, lẹ́yìn náà ló máa wo orúkọ tó ti gbọ́ rí lóde àríyá. Méjèèjì kì í sọ ohun tó wà nínú ìgò. Ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ “Irish Whiskey” lára bébà ìgò náà ló ń sọ ọ́. Irú mẹ́rin péré ló wà. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kò ní san owó gọbọi lórí ohun tó máa padà da mínírà lé.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé “Irish Whiskey” gan-an ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí “spirit drink” tàbí “whisky flavoured”, ẹ gbé e padà, bí wọ́n tilẹ̀ ya ewé tútù sí i lára. Òfin wọn lọ́hùn-ún le. Erékùṣù Írẹ́láǹdì ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ sè é, ibẹ̀ náà ló ti gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 ó kéré tán nínú àgbá igi tí kò gbà ju lítà 700 lọ, agbára rẹ̀ nínú ìgò kò sì gbọdọ̀ dín ní 40%. Erékùṣù la wí o, nítorí náà Bushmills, tó wà ní apá Àríwá lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú rẹ̀.

Ó wá ku irú rẹ̀. Single Malt ni èyí tí wọ́n fi ọkà báálì nìkan ṣe. Wọ́n á rẹ báálì náà sínú omi títí tí á fi hù, wọ́n á wá gbẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣe ń ṣe àgbàdo rẹ̀. Bushmills 10 jẹ́ àpẹẹrẹ tó rọrùn láti rí: ó fẹ́lẹ́, ó ní adùn oyin díẹ̀. “Single” tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe àgbá kan ṣoṣo. Iléeṣẹ́ ìpọntí kan ṣoṣo ni.

Single Pot Still ni èyí tí àwọn ará Írẹ́láǹdì lè fọwọ́ sọ̀yà pé tiwọn ni. Báálì tó ti hù àti báálì tútù tí kò hù ni wọ́n jọ máa ń sè nínú ìkòkò bàbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ dín ní 30% nínú àpapọ̀ ọkà náà. Owó orí ló dá a sílẹ̀: nígbà tí ìjọba gbé owó orí lé báálì tó ti hù ní 1785, àwọn apọntí bẹ̀rẹ̀ sí í da èyí tí kò hù mọ́ ọn kí owó orí lè dínkù. Àṣé báálì tútù yẹn ni yóò fún ọtí náà ní ara. Ó nípọn lẹ́nu bí ẹni pé òróró wà nínú rẹ̀, ó sì ń ta díẹ̀díẹ̀ bí atalẹ̀ àti kànáfùrù lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e mì. Redbreast 12, Green Spot àti Powers John's Lane wà nínú ìdílé yìí. Bí owó yín bá ká ìgò kan péré tí ẹ fẹ́ fi mọ ohun tí wísíkì Írẹ́láǹdì jẹ́, Redbreast 12 ni kí ẹ rà. Ó wọ́n, àmọ́ kò tàn yín jẹ.

Single Grain máa ń jẹ́ àgbàdo tàbí àlìkámà, pẹ̀lú báálì díẹ̀, tí wọ́n sè nínú ẹ̀rọ gíga tó ń ṣiṣẹ́ láìdúró, irú èyí tí ará Írẹ́láǹdì kan, Aeneas Coffey, gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1830. Ó fúyẹ́, ó dùn. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń wá a.

Blended ló pọ̀ jù lọ́jà wa: Jameson, Tullamore D.E.W., Bushmills Original. Wọ́n da wísíkì oníkòkò tàbí malt pọ̀ mọ́ grain. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àbùlà ni. Black Bush náà jẹ́ blended, bẹ́ẹ̀ malt pọ̀ nínú rẹ̀ ju grain lọ fíìfíì, àgbá wáìnì ṣẹ́rì sì ni púpọ̀ nínú malt náà ti gbó. Ó dáa ju ọ̀pọ̀ single malt tó wọ́n jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kù lára ìgò kò dọ́gba ní ìwúlò. Nọ́ḿbà ọdún ṣe pàtàkì: 12 túmọ̀ sí pé èyí tó kéré jù nínú ìgò náà ti lo ọdún 12 nínú àgbá. Ṣùgbọ́n nínú àgbá ló ń dàgbà, kì í dàgbà nínú ìgò, nítorí náà ọlọ́dún 12 tí bàbá fi pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù láti 1995 kò kúrò ní ọlọ́dún 12. “Triple Distilled” jẹ́ òótọ́ nípa bí wọ́n ṣe sè é: ìgbà mẹ́ta, kí ó lè fẹ́lẹ́. Òfin kò pọn ọ́n ní dandan. Connemara, tí èéfín peat, ẹrẹ̀ àbàtà gbígbẹ tí wọ́n ń fi dáná, wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sè é. Ní ti “Reserve” àti “Small Batch”, òfin kò so ìtumọ̀ kankan mọ́ wọn. Ẹ má fi owó kún owó nítorí wọn.

Ẹ wo àgbá náà pẹ̀lú. Àgbá bọ́bọ̀n, ìyẹn wísíkì Amẹ́ríkà, máa ń fún ọtí ní fánílà àti oyin. Ti ṣẹ́rì máa ń fún un ní adùn dàbínù àti èso àjàrà gbígbẹ. Ti ọtí rọ́ọ̀mù, irú èyí tí Teeling Small Batch parí sí, máa ń mú un dùn sí i.

Ibi tí ẹ ti máa mu ún ni kí ẹ fi yàn án. Fún òwàḿbẹ̀ tí wọ́n máa da kóòkì tàbí jínjà lé e, blended lásán ti tó, torí mínírà yóò bo adùn Redbreast mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n tó dáa ni mílílítà 50 sí 150 jínjà, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ fún sí i. Ẹni tó fẹ́ fi yìnyín mu ún ni kó ra Black Bush tàbí Jameson Black Barrel, adùn wọn kì í tètè sọnù. Pot still, ẹ mu ún lásán tàbí pẹ̀lú ìkán omi méjì mẹ́ta. Ní ti sùyà àti àsun, ẹ ṣọ́ra: ọtí líle máa ń jẹ́ kí ata jó ni sí i, ata náà á sì pa adùn ọtí. Èyí tí ẹ bu mínírà lé ló bá sùyà mu. Ẹ̀pà sísun àti wàrà ló bá pot still lọ.

Fún ìnáwó, ẹ ṣírò kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ìgò 70 sẹ́ńtílítà jẹ́ ṣọ́ọ̀tì 20 ní mílílítà 35. Bí ènìyàn 40 nínú àlejò bá ń mu wísíkì, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mu mẹ́ta, ìgò 6 ni. Ẹ wo iye sẹ́ńtílítà ìgò kí ẹ tó fi owó rẹ̀ wé ti ṣọ́ọ̀bù kejì: 70, 75 àti lítà kan máa ń jókòó pọ̀ lórí pẹpẹ kan náà.

Òkè-Arín ní Erékùṣù Èkó ni ọ̀pọ̀ ti ń ra páálí. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìtìjú. Ẹ sọ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i kí n wò ó,” bí ìyá ọlọ́tí bá tilẹ̀ ń dáhùn pé, “Ojúlówó ni, ọmọ mi.” Ẹ wá nọ́ḿbà NAFDAC. Ẹ fọwọ́ yí ìdérí díẹ̀: kò gbọdọ̀ mì kó tó já. Ẹ gbé ìgò méjì láti inú páálí kan náà sókè sínú ìmọ́lẹ̀. Ọtí inú wọn gbọ́dọ̀ dé ibì kan náà lọ́rùn ìgò, kò sì gbọdọ̀ sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ ka bébà rẹ̀ bóyá wọ́n ṣi lẹ́tà kọ. Bí iye rẹ̀ bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti gbogbo ọjà, ẹ fi sílẹ̀.

Ìgò òfìfo tòótọ́ ni àwọn oníṣẹ́ ayédèrú máa ń rọ ọtí mìíràn sí jù. Nítorí náà, lẹ́yìn àríyá, ẹ fa bébà ara ìgò ya kí ẹni tó ń ra ìgò tó dé. Mímì ìgò láti wo ìfófó kò lè fi methanol, irú ọtí olóró kan tó ń pa ènìyàn, hàn, ahọ́n náà kò lè mọ̀ ọ́n. Ọtí onímethanol ló pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015. Bí ojú bá ń ṣe bàìbàì tí inú ń run lọ́jọ́ kejì ọtí, ẹ má dúró de agbo. Ọsibítù ni, LUTH tàbí LASUTH, ẹ sì gbé ìgò náà dání.

Ooru Èkó ní ohun tó ń ṣe sí ọtí. Bí yàrá bá gbóná tó 30°C, agbára ọtí á ta sí imú kí òórùn rẹ̀ tó dé. Ẹ gbé ìgò náà sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 15, má ṣe fi sínú fírísà, torí ìtutù líle máa ń pa adùn. Ẹ bu mílílítà 30 sínú kọ́ọ̀pù tí ẹnu rẹ̀ súnkì, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ la ẹnu díẹ̀ bí ẹ ti ń gbóòórùn rẹ̀. Yìnyín wẹ́wẹ́ máa ń yọ́ kíá, á sì sọ ọtí di omi. Ẹ fi abọ́ kékeré dì èyí tó tóbi. Bí wísíkì 46% tí wọ́n kọ “non-chill filtered” sí lára bá dojú rú nígbà tí yìnyín kàn án, kò bàjẹ́: ọ̀rá inú ọkà tí wọn kò sẹ́ kúrò ló ń dì.

Nílé, ẹ gbé ìgò dúró ní òró, má ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀ bíi wáìnì, torí ọtí líle máa ń jẹ kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé e. Kó jìnnà sí oòrùn fèrèsé, kó má sì sùn nínú búùtù ọkọ̀. Ìgò tó bá kù sí ìlàjì, ẹ mu ún tán láàrin oṣù mẹ́fà. Èyí tó ku ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kékeré tó mọ́, kí afẹ́fẹ́ má baà jẹ adùn rẹ̀. Bí kọ́ọ̀kì bá já sínú rẹ̀, ẹ fi asẹ́ tó mọ́ sẹ́ ẹ sínú ìgò mìíràn, kí ẹ sì fi ìdérí tó le dé e.