Ilé Ìgbafẹ́ Orí Òkè: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ohun Tó Máa Ń Dààmú Onílé

Àwòrán ilé ti wà lọ́wọ́ wa, ilẹ̀ náà sì rẹwà. Kí ló kù?

Ilẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú àwòrán. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ kọ́kọ́ fi gíga rẹ̀ hàn ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sàmì sí ibi tí omi òjò ń gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni ayàwòrán ilé á tó mú bírò. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀sùn ìsàlẹ̀ yìí, ilé tí wọ́n yà fún ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n gbé gun òkè.

Mọ́tò ń yọ̀ lójú ọ̀nà àbáwọlé.

Ọ̀nà náà ga jù. Kó má ṣe gùn sókè ju mítà 12 sí 15 lọ láàárín mítà 100. Bí ilẹ̀ kò bá gbà á, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà lọ́ yí òkè ká.

Jẹnẹrétọ̀ wa kò lè gbé iná tí wọ́n kọ sí i lára.

Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ lókè. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo (ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì) ń pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 agbára rẹ̀ ní gbogbo mítà 300 téèyàn bá gùn. Ní mítà 2,000, ó ti ń lọ sí ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó rà á.

Èéfín ààrò ń padà sínú pálọ̀.

Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀. Bí èéfín bá dáwọ́ dúró, ilé ti sé pa jù: ẹ la ihò afẹ́fẹ́ láti ìta wá sídìí ààrò. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ wọn ọ̀pá èéfín. Ó gbọ́dọ̀ fi 90 sẹ̀ǹtímítà yọ lókè ibi tó ti la òrùlé kọjá, kó sì fi 60 ga ju ohunkóhun tó wà láàárín mítà 3 sí i.

Páìpù bẹ́ nígbà otútù, a ò sì sí nílé.

Omi tó dì máa ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ẹ má gbé páìpù gba inú ògiri ìta. Kí gbogbo rẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi kan ṣoṣo tí tápù tí a fi ń da omi inú wọn gbẹ wà. Kí ẹ tó lọ, ẹ pa ẹ̀rọ tó ń gbóná omi, ẹ ti omi pa láti orísun, kí ẹ sì ṣí gbogbo tápù. Ẹ má gbàgbé omi inú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ògiri ẹ̀yìn tó kọjú sí òkè ń tutù. A ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹ̀yìn ni omi ti ń ti ọ̀dà náà. Kò sí bí kò ṣe ní ṣí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú omi tó jẹ́. Ẹ gé ọ̀rá tí ibú àti òòró rẹ̀ jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ojú tó kọ sí yàrá bá tutù, ọ̀rinrin inú ilé tí wọ́n tì pa ni: afẹ́fẹ́ ni yàrá nílò. Bí ojú tó kọ sí ògiri bá tutù, inú ilẹ̀ lomi ti ń wá.

Bó bá jẹ́ ti ilẹ̀, ẹ jáde síta. Ṣé gọ́tà òrùlé ń da omi sídìí ògiri? Ẹ gbé e jìnnà ní mítà 2, ó kéré tán. Ṣé ilẹ̀ fi 15 sẹ̀ǹtímítà sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára ilé láàárín mítà 3 àkọ́kọ́? Ní ẹ̀gbẹ́ òkè, kò lè rí bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbẹ́ yàrà lókè ilé, kó darí àgbàrá gba ọ̀tún àti òsì.

Ó wá ku páìpù oníhò tó wà nídìí ìpìlẹ̀, tó ń gbé omi ilẹ̀ lọ síta. Ẹ wá ẹnu rẹ̀ lọ lẹ́yìn òjò ńlá. Bí ògiri bá tutù tí ẹnu páìpù sì gbẹ, ó ti dí, tàbí wọ́n tẹ́ ẹ ga ju ilẹ̀ yàrá lọ, tàbí kò tiẹ̀ ní ẹnu rárá, èyí tí a ń bá pàdé ju bó ṣe yẹ lọ.

Èyí tó ń tan àwọn onílé jù ni páìpù tó ṣàn dáadáa fún ọdún méjì kó tó dákẹ́. Wọn á pe ẹni tó ń fi omi alágbára fọ̀ ọ́, á ṣàn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á tún dí. Ìdí ni pé inú iyẹ̀pẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ́ ẹ sí láìfi geotextile wé e, ìyẹn aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá àmọ́ tó ń dá iyẹ̀pẹ̀ dúró, ẹrẹ̀ sì ń gba ihò rẹ̀ wọlé lójoojúmọ́. Fífọ̀ kò lè wò ó sàn. Àfi kí ẹ hú u jáde, kí ẹ tún un tẹ́.

Ẹ gbẹ́ ẹ̀yìn ògiri díẹ̀díẹ̀, ẹ má gbẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fọ ògiri, ẹ kùn ún ní ọ̀dà dúdú oníbítúmẹ́ẹ̀nì láti ìta. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sínú yàrà, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti fọ̀ sí i, kí ẹ gbé páìpù oní-100 mìlímítà lé e, ihò rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 1 láàárín mítà 100. Ẹ da òkúta bò ó, kó nípọn ní 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ wá ká aṣọ náà bo gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé páìpù kan dúró sókè ní igun kọ̀ọ̀kan fún fífọ̀. Omi òrùlé kò gbọ́dọ̀ wọ páìpù yìí láé. Bí yàrà náà bá máa jìn ju mítà 1.2 lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ kí ẹnjiníà tó dé. Ilẹ̀ tó ya kì í fúnni láyè sá.

Ògiri tó di ilẹ̀ mú lókè ilé ti ń tẹ̀ síwájú, ó sì ti sán.

Ẹ pe ẹnjiníà lónìí. Ẹ má da kọnkéré lé e, ẹ má sì gbẹ́ ìdí rẹ̀. Kó tó dé, ẹ kó èèyàn àti mọ́tò kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi tapólì bo ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kí òjò má bàa tún wọ ibẹ̀.