Bí ẹ ṣe lè dá ímeèlì gbájúẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní Google mọ̀

Àwọn tó ń wá ṣe ìwé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, ọ̀kánkán Yunifásítì Ìbàdàn, ló jẹ́ kí n mọ bí ímeèlì yìí ṣe pọ̀ tó. Yóò ní àpótí ímeèlì yín ti kún, tàbí pé ẹnì kan fẹ́ wọ àkántì yín, àti pé bí ẹ kò bá tẹ líǹkì kan láàárín wákàtí 24, wọn yóò ti àkántì náà pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Páásíwọ́ọ̀dù yín ni wọ́n ń wá.

Ẹni tó bá ti wọ ímeèlì yín kò ní dúró síbẹ̀. Yóò lọ sí Facebook yín, yóò lọ síbi tí ẹ ti ń rajà, yóò ní òun ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, inú ímeèlì tó ti gbà lọ́wọ́ yín náà ni wọn yóò sì fi líǹkì tuntun ránṣẹ́ sí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára.

Bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Mọ́níyà, gbé fóònù wọn wá, ọkàn wọn ò balẹ̀. "Ọmọ mi, bá mi tẹ ibí yìí kíá, Google fẹ́ ti ímeèlì mi pa." Àmì Google wà lókè lẹ́tà náà, bọ́tìnì pupa wà nísàlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó kọ ọ́ ná." Lórí Gmail inú fóònù, wọ́n máa ń kọ "to me" sábẹ́ orúkọ ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ tẹ ibẹ̀, àdírẹ́sì gan-an yóò jáde. Orúkọ tó hàn gàdàgbà lókè kì í ṣe ẹ̀rí, torí ohun tó bá wu èèyàn ló lè kọ síbẹ̀. Nínú ti Bàbá, "Google Support" ló wà lókè. Àdírẹ́sì abẹ́ rẹ̀ ò ní google nínú rárá. Láti no-reply@accounts.google.com ni ìkìlọ̀ ààbò Google máa ń wá.

Ó wá kan líǹkì. Ẹ má ṣí i; ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má gbọ́wọ́ kúrò títí àdírẹ́sì rẹ̀ yóò fi hàn. Ká ní ohun tó jáde ni accounts.google.com.example.net. Ojú á kọ́kọ́ rí google, ara á sì tù yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lẹ ó wò, ibi tó kángun sí sláàṣì (/) àkọ́kọ́ lẹ́yìn https://. Example.net ló ni ojúlé yẹn. Bí orúkọ ẹbí ló rí, ìgbẹ̀yìn ló ń wà. Gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀, ẹni tó ni example.net ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ẹ tún ṣọ́ra fún goog1e, níbi tí wọ́n ti fi nọ́ńbà 1 rọ́pò lẹ́tà l. Àmì àgádágodo tó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò sì sọ pé olóòótọ́ ni wọ́n. Gbájúẹ̀ náà ń gbà á.

Àwọn kan ní ká máa wá àṣìṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn. Èmi ò gbára lé ìyẹn mọ́, AI ti ń bá wọn kọ Gẹ̀ẹ́sì tó dán.

Ní 2025 pàápàá, àwọn kan gbé ojú ìwé ayédèrú sórí sites.google.com, ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ́ ojú ìwé tirẹ̀, wọ́n sì ń fi ímeèlì darí àwọn èèyàn síbẹ̀. Google wà nínú àdírẹ́sì yẹn lóòótọ́! Nítorí náà, ohun tí mò ń sọ fún gbogbo oníbàárà mi ni pé kí wọ́n má gba inú lẹ́tà wọlé rárá, bó ti wù kó dà bí òótọ́. Ẹ pa á tì, ẹ fọwọ́ ara yín ṣí Gmail, ẹ tẹ àwòrán yín lókè lápá ọ̀tún. Ẹ ó rí iye tí ẹ ti lò nínú àyè ìpamọ́ 15 GB ọ̀fẹ́ tí Gmail, Drive àti Photos jọ ń pín. Bí ẹnì kan bá fẹ́ wọlé lóòótọ́, abẹ́ Security nínú àkántì Google yín ni ẹ ó ti rí i. Àyè tí Bàbá ti lò nínú 15 GB náà ò tíì dé ìdajì.

Bí fóònù yín bá máa ń fúnra rẹ̀ kọ páásíwọ́ọ̀dù fún yín, tó wá dákẹ́ lójú ìwé kan, ẹ dúró. Ó ṣeé ṣe kí àdírẹ́sì ibẹ̀ yàtọ̀.

Tí ẹ bá ti kọ páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀ ńkọ́? Ẹ yí i padà lójú ẹsẹ̀, àti níbikíbi tí ẹ ti ń lo irú rẹ̀. Ẹ lọ sí "Your devices" lábẹ́ Security yẹn náà, ẹ lé fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí ẹ kò mọ̀ jáde. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti pààrọ̀ nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ yín (recovery phone), èyí tí ẹ fi lè gba àkántì yín padà, kí ẹ sì yẹ ibi tí wọ́n ń pè ní Forwarding wò lórí kọ̀ǹpútà, torí wọ́n lè ti ṣètò kí gbogbo lẹ́tà yín máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan 2-Step Verification, ìyẹn ìgbésẹ̀ kejì tí Google máa ń béèrè lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, bíi kóòdù, ẹ má sì ka kóòdù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, ì báà ní òun ń pè láti Google.

Kí ẹ tó pa lẹ́tà náà rẹ́, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ yan "Report phishing".