Bí a ṣe ń gbé ogun Bannockburn kalẹ̀ lórí tábìlì

Ogun Bannockburn, tí wọ́n jà ní Skọ́tlándì ní ọjọ́ 23 àti 24 oṣù kẹfà ọdún 1314, wu ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ère ọmọ ogun ṣeré, àmọ́ kò pẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá to ọmọ ogun méjèèjì sórí pápá gbalasa, àwọn Gẹ̀ẹ́sì Ọba Edward Kejì yóò yí àwọn èèyàn Robert Bruce, ọba Skọ́tlándì, po, eré parí. Ilẹ̀ híhá ló ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà. Torí náà, ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ilẹ̀

Tábìlì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150, tó fẹ̀ ní 100, ti tó. Ẹ tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sí i. Ẹ fi ìwé méjì sábẹ́ aṣọ ní etí ìwọ̀-oòrùn kí ibẹ̀ ga díẹ̀, kí ẹ sì to igi sórí rẹ̀: igbó New Park nìyẹn, níbi tí Bruce kó àwọn èèyàn rẹ̀ sí. Ní ìsàlẹ̀ igbó, ẹ na ríbọ́nù aláwọ̀ búlúù méjì. Bí ẹ bá kẹ́yìn sí igbó, odò Bannock Burn wà lọ́wọ́ ọ̀tún, Pelstream wà lọ́wọ́ òsì. Àlàfo àárín wọn kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ níbi tí ìlà iwájú àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa wà; láti ibẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn, kí wọ́n máa sún mọ́ra títí wọ́n á fi pàdé ní sẹ̀ǹtímítà 60. Inú igun ẹlẹ́rẹ̀ yẹn ni ogun Gẹ̀ẹ́sì sùn mọ́jú ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fẹ àlàfo náà nítorí pé ère kò gbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Kí wọ́n má gbà gan-an la ń wá.

Ère

Ère 1 dúró fún èèyàn 100. Ẹ lo ère onímílímítà 15, kí ẹ lẹ ẹlẹ́sẹ̀ 4 mọ́ páálí sẹ̀ǹtímítà 4 sí 3, ẹlẹ́ṣin 2 mọ́ páálí 4 sí 4.

Skọ́tlándì ní páálí ọlọ́kọ̀ 18, ní agbo mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní páálí 6: mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Irú agbo yìí ni wọ́n ń pè ní schiltron. Edward Bruce, àbúrò ọba, ló ni ti ọ̀tún, Thomas Randolph ló ni ti àárín. Ti Ọba Robert fúnra rẹ̀ wà lósì, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ fi ère ẹlẹ́ṣin 5 ti Robert Keith pamọ́ sí ẹ̀yìn gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ oníke tó bá ère wá máa ń tẹ̀, ó sì máa ń kúrú jù. Ẹ gé wáyà tín-ín-rín ní sẹ̀ǹtímítà 3.5 rọ́pò rẹ̀, nítorí ọ̀kọ̀ wọn ju ìlọ́po méjì ìga èèyàn lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ní páálí ẹlẹ́ṣin 10, tafàtafà 5, ẹlẹ́sẹ̀ 30. Ẹlẹ́ṣin 10 yẹn dí àlàfo náà pátápátá. Ẹ má náwó sórí ẹlẹ́sẹ̀: páálí lásán tí ẹ fi ọ̀dà kùn ti tó, torí pé ọ̀pọ̀ wọn kò ráàyè jà.

Bí eré ṣe ń lọ

Sẹ̀ǹtímítà 20 ni kó wà láàárín ìlà méjèèjì. Skọ́tlándì ló máa kọ́kọ́ rìn, sẹ̀ǹtímítà 8. Ìlànà yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Ẹlẹ́ṣin nílò sẹ̀ǹtímítà 15 kó tó lè sáré dé ojú agbára. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ yẹn, 12 péré ló kù. Bó ṣe rí lọ́jọ́ náà nìyẹn: àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò retí pé ọlọ́kọ̀ máa wá bá wọn, Gilbert de Clare, ìjòyè Gloucester, sì fi ìkánjú kọ lù wọ́n, ó kú síbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ rìn, agbo méjì lè fọ́ lójú ẹsẹ̀.

Páálí tó bá fara kan ọ̀tá ju dáìsì kan. Ọlọ́kọ̀ borí pẹ̀lú 4, 5 tàbí 6. Ẹlẹ́ṣin tó sáré dáadáa ń lo iye kan náà. Èyí tí kò ráàyè sáré, 6 nìkan ni. Ẹni tí wọ́n borí yóò sún sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 4. Bí kò bá sí àyè lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé e kúrò lórí tábìlì. Ìlànà tó gbẹ̀yìn yìí ló ń pa Gẹ̀ẹ́sì.

Tafàtafà tó dúró lẹ́yìn ẹlẹ́ṣin kò gbọdọ̀ ta, torí ọfà á máa ba àwọn ará wọn lẹ́yìn. Ní ìyípo kẹta, wọ́n lè bọ́ sí òdìkejì Pelstream, kí wọ́n máa ta agbo òsì, kí páálí kan máa kúrò ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ Keith dé nìyẹn: bí ẹlẹ́ṣin rẹ̀ bá kàn wọ́n, wọ́n tú ká láìju dáìsì. Ẹni tó bá ti ná Keith síbòmíràn ṣáájú máa ń pàdánù.

Nígbà tí páálí ẹlẹ́ṣin Gẹ̀ẹ́sì 4 bá ti lọ, ẹ gbé èrò ẹ̀yìn jáde láti orí òkè, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ àti aláàárù tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì mú fún ogun tuntun. Láti ìgbà náà, gbogbo páálí Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ sọdá Bannock Burn yóò ju dáìsì: 1 sí 3, omi gbé e lọ. Bí Ọba Edward bá jáde ní ìhà àríwá, ó yè, àmọ́ kò tíì borí. Philip Mowbray, tó ń ṣọ́ odi Stirling fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò ṣí i fún un, ó sì ní láti gẹṣin dé Dunbar kó tó rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀.

Ọjọ́ kìíní

Bí àkókò bá wà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìjà kékeré ọjọ́ 23: Robert Clifford àti Henry Beaumont pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin bí 300, láìsí tafàtafà kan, kojú agbo Randolph. Níbẹ̀, ère 1 dúró fún èèyàn 10. Ọjọ́ yìí náà ni kòtò tí Bruce gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wúlò. Ẹ kó wọn kúrò kí ọjọ́ 24 tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń to kòtò síwájú agbo ọlọ́kọ̀, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé ọlọ́kọ̀ tiwọn fúnra wọn kò lè rìn lọ síwájú.