Ẹ Má Tún Náwó Ìnákúnàá Bíi Ti Ìgbà Kòrónà

Mo rí àkọsílẹ̀ ohun tí ìgbìmọ̀ tuntun kan fẹ́ rà sílẹ̀ de àrùn inú afẹ́fẹ́ mìíràn. Ìrànù tí a kó owó lé lórí ní 2020 náà ni wọ́n tún tò síbẹ̀.

1. Fífín oògùn sí títì. Ta ló ń fi ẹnu lá ọ̀dà? Inú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ráàyè wọ̀ ni wọ́n ti ń kó àrùn náà jù.

2. Fífín oògùn sí èèyàn lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ká má dán an wò láti oṣù Karùn-ún 2020. Ó ń ta ojú, ó ń bó awọ, kò sì débi tí kòkòrò wà lọ́nà ọ̀fun.

3. Ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara, tí wọ́n ń nà síni níwájú orí. Háà! Mo dúró ti ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu géètì gbọ̀ngàn ayẹyẹ. 31.8. "Ẹ wọlé, dádì." 32.4. "Ẹ wọlé, mọ́mì." Mo ní, "Àbúrò, ẹni tí ara rẹ̀ tutù tó báyìí, ṣé òde ìgbéyàwó ló yẹ kó wà?" Ó ní nọ́ńbà tó bá ga nìkan ni wọ́n ní kóun dá padà. Ká tiẹ̀ ní ìbọn náà ń ka òótọ́, ẹni tó ní kòrónà lè kó o ran ará ilé kí ibà tó mú un. Ibà kì í mú ẹlòmíì rárá. Ẹni tó gbé Panadol mì kó tó jáde ńkọ́? Nínú gbọ̀ngàn ọ̀hún, wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, gbogbo wọn sì ń bá olórin gbè é. Fèrèsé ṣíṣí kì í gba kọ́bọ̀! Mo pariwo rẹ̀ títí tí wọ́n fi sọ mí ní Bàbá Fèrèsé ní ọ́fíìsì.

Ìbòmú abẹ́ àgbọ̀n: irùngbọ̀n lẹ bò.

Chloroquine tí dókítà ò kọ fún yín: ó sọ àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn l'Ékòó ní oṣù Kẹta 2020.

Owó àwọn tó ń tọpasẹ̀ aláìsàn ni wọn kì í rántí. Nígbà tí ará Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ rí kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà gba Èkó dé Ewékorò ní oṣù Kejì 2020, dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ló fura. Nínú àwọn tó bá a pàdé, tí wọ́n ń ṣọ́, ni wọ́n ti rí ẹnì kejì ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta. Ọjọ́ 14 la fi ń ṣọ́ èèyàn nígbà náà. Iṣẹ́ ìtọpasẹ̀ yẹn gba káàdì ìpè, ó gba owó ọ̀kadà.

Ẹ má sì pe èèyàn bí ọlọ́pàá, kò ní gbé fóònù yín mọ́. Kí ẹ tó bi í pé ta ló bá pàdé, ẹ bi í bóyá oúnjẹ wà nílé. Bí kò bá sí, ẹ tètè wá gàárì àti ìrẹsì fún un, torí ọjà ló ń lọ yẹn.