Bí A Ṣe Lè Ṣètò Oorun Kọ̀ǹpútà àti Ìlò Iná Nínú Kernel Linux

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lo Linux lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká ló ti pa ìdérí rẹ̀ dé lálẹ́ nígbà tí bátìrì kún, tí wọ́n sì ṣí i lówùúrọ̀ láti rí i pé bátìrì ti tán pátápátá. Yorùbá ní ẹni tó bá sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ bátìrì lóru, apirọrọ ni: ó di ojú, ṣùgbọ́n kò sùn. Iṣẹ́ tó wà níwájú wa ni láti mọ irú oorun tí ẹ̀rọ náà lè sùn ní tòótọ́, kí a yan èyí tó bá a mu, kí a dán an wò ní ìpele-ìpele, kí a sì wọn iye iná tó ń lọ. Mo tẹnu mọ́ wíwọ̀n nítorí pé àṣà àwọn kan ni láti da àṣẹ mẹ́wàá sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé wọn kì í mọ èyí tó ṣe wọ́n lóore àti èyí tó ba nǹkan jẹ́.

Oorun kì í ṣe oríṣi kan

ACPI, ìlànà tí Intel, Microsoft àti Toshiba kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1996, ló pín ipò kọ̀ǹpútà láti S0, níbi tí ẹ̀rọ ti lajú kedere, títí dé S5, níbi tí a ti pa á. Mẹ́ta nínú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà sinmi ló kàn wá níbí. Àkọ́kọ́ ni òògbé, tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ohun èlò ẹ̀rọ, ń pè ní s2idle: kernel á dá gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ dúró, á fi àwọn ohun èlò sínú ìsinmi, á sì jẹ́ kí processor wọ ipò ìsinmi tó jinlẹ̀ jù lọ tó lè wọ̀, síbẹ̀ lójú ACPI, ẹ̀rọ náà ṣì wà ní S0. Ìkejì ni oorun àsùnwọra, tí kernel ń pè ní deep, tí ACPI sì ń pè ní S3: a ó gé iná kúrò lára processor àti ọ̀pọ̀ ohun èlò, RAM nìkan ni yóò máa rí ìwọ̀nba iná tó fi ń di ohun inú rẹ̀ mú, firmware, ìyẹn ètò tí olùṣe ẹ̀rọ fi sínú rẹ̀, ni yóò sì kọ́kọ́ dìde nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ìkẹta ni hibernate, èyí tí í ṣe S4: kernel á kọ ohun tó wà nínú RAM sórí díìsìkì, á sì pa ẹ̀rọ.

Òògbé máa ń jí kíákíá, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun fi gbé e wá tí wọn kò sì gbé S3 wá mọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun èlò kan ṣoṣo tó bá kọ̀ láti sinmi lè ba òògbé gbogbo ẹ̀rọ jẹ́, nítorí processor kò ní lè wọ ipò tó jinlẹ̀. Ní ti S3, firmware ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, bí firmware bá sì ní àléébù, kernel kò rí nǹkan púpọ̀ ṣe sí i.

Ẹ bi ẹ̀rọ léèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ ṣí terminal, kí ẹ ka fáìlì méjì yìí:

`cat /sys/power/state`
`cat /sys/power/mem_sleep`

Èkíní yóò fi irú oorun tí kernel yín mọ̀ hàn, bíi freeze, mem àti disk. Èkejì ló ṣàlàyé ohun tí mem túmọ̀ sí lórí ẹ̀rọ yín: bí ẹ bá rí `s2idle [deep]`, ẹ̀rọ náà mọ oríṣi méjèèjì, èyí tó wà nínú àkámọ́ ni yóò sì lò. Bí ọ̀rọ̀ náà deep kò bá sí níbẹ̀ rárá, firmware ni kò gbé S3 wá, kò sì sí ohun tí ẹ lè kọ sí ìlà àṣẹ kernel tí yóò dá a sílẹ̀. Àwọn firmware kan ní ibi tí a ti lè yan irú oorun nínú ojú ìwé ètò wọn, nítorí náà ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó gbà pé kò ṣeé ṣe.

Bí disk kò bá sí nínú èkíní, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ́ hibernate mọ́ kernel náà:

`grep -E 'CONFIG_(SUSPEND|HIBERNATION|PM_DEBUG)=' /boot/config-$(uname -r)`

Ẹni tó ń kọ́ kernel fúnra rẹ̀ yóò rí gbogbo wọn nínú menuconfig lábẹ́ "Power management and ACPI options". Ó tún lè jẹ́ pé CONFIG_HIBERNATION wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí Secure Boot, ìlànà firmware tó ń yẹ ètò wò kí ó tó gbé e dìde, ti mú kí kernel ti ara rẹ̀ pa (lockdown). Nínú ipò yẹn, kernel kò ní gbà kí a ṣe hibernate, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá lè yí ohun tó wà lórí díìsìkì padà lè gba ibẹ̀ yí kernel tó ń ṣiṣẹ́ padà.

Ohun kékeré kan máa ń kọ́ àwọn olùbẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀: `sudo echo mem > /sys/power/state` kò ní ṣiṣẹ́, torí pé shell tiyín (ètò tó ń gba àṣẹ yín nínú terminal), tí kì í ṣe root (ọ̀gá ètò), ló ń ṣí fáìlì náà láti kọ nǹkan sí i. Ẹ lo tee bí mo ṣe ń lò ó nísàlẹ̀.

Ìdánwò ní ìpele-ìpele

Ẹ má tíì pa ìdérí dé. Bí CONFIG_PM_DEBUG bá wà nínú kernel yín, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ kí a ṣe ìlàjì oorun: kernel á ṣe é dé ìpele tí a yàn, á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, á sì padà sẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ fi `sync` kó gbogbo iṣẹ́ yín sórí díìsìkì, lẹ́yìn náà:

`echo freezer | sudo tee /sys/power/pm_test`
`echo mem | sudo tee /sys/power/state`

Ìpele freezer kàn ń dá àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ dúró ni. Bí ó bá yọrí sí rere, ẹ fi devices rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn náà platform, processors, àti core. Lórí òògbé, platform ni ẹ ó dúró sí, nítorí pé bí ẹ bá yan processors tàbí core níbẹ̀, kernel yóò kọ̀ ọ́, kò sì ní ṣe ìdánwò náà rárá.

Devices ni àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti máa ń kùnà, driver kan, ìyẹn ètò tí kernel fi ń bá ohun èlò kan sọ̀rọ̀, ló sì máa ń fà á. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ wo `/sys/power/suspend_stats/last_failed_dev`, tó máa ń dárúkọ ohun èlò tó kọ̀ láti sinmi. Bí ẹ̀rọ bá kàn gan tí kò sì sọ nǹkan kan, ẹ fi modprobe -r yọ ìdajì àwọn driver tí ẹ lè yọ, kí ẹ tún un dán wò. Bí ó bá ṣiṣẹ́, ẹlẹ́ṣẹ̀ náà wà nínú ìdajì tí ẹ yọ, kí ẹ wá pín ìyẹn sí méjì. Ó máa ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn ju kí a máa méfò lọ. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí mo ní, ọwọ́ mi kò tíì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ nínú pípín náà tí mo fi rí i pé káàdì wáyálẹ́ẹ̀sì ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti fi ń di ẹ̀bi ru káàdì àwòrán.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tán, ẹ fi `echo none` dá pm_test padà sí bó ṣe wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ yóò máa jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 5 nígbàkúùgbà tí ẹ bá pa ìdérí dé.

Yíyan oorun, àti wíwọn iná

Ẹ lè fi `echo deep | sudo tee /sys/power/mem_sleep` yí i padà fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹ tó sọ ọ́ di ohun tí yóò dúró pẹ́, ẹ wọn oríṣi méjèèjì. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ ka iye tó wà nínú `/sys/class/power_supply/BAT0/energy_now`, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn fún wákàtí kan gééré, kí ó sì jí fúnra rẹ̀:

`sudo rtcwake -m mem -s 3600`

Lẹ́yìn tó bá jí, ẹ tún iye náà kà. Microwatt-hour ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà bí ó bá dín ní 500000, ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ lo ìdajì watt-hour nínú wákàtí kan. Àwọn bátìrì mìíràn ní charge_now dípò energy_now, òun náà wúlò fún ìfiwéra. Ẹ ṣe é fún s2idle, kí ẹ ṣe é fún deep, kí ẹ sì jẹ́ kí iye tí ẹ rí pinnu fún yín.

Bí òògbé bá ń jẹ iná jù lórí processor Intel, ẹ ka `/sys/devices/system/cpu/cpuidle/low_power_idle_system_residency_us` kí ẹ̀rọ tó sùn àti lẹ́yìn tó jí. Bí iye náà kò bá gbéra, ẹ̀rọ yín kò wọ ìsinmi tó jinlẹ̀ jù lọ rárá ní gbogbo wákàtí yẹn. Apirọrọ gan-an nìyẹn, ohun èlò kan ló sì ń dí i lọ́wọ́.

Ohun tó ń jí ẹ̀rọ láìròtẹ́lẹ̀

Ìṣòro mìíràn jọ èyí ṣùgbọ́n kò rí bákan náà: ẹ̀rọ sùn dáadáa, nǹkan kan ló jí i nínú àpò. Ní kété tí ẹ bá rí i pé ó ti jí, ẹ ka `/sys/power/pm_wakeup_irq`, kí ẹ sì wá nọ́ńbà tó bá wà níbẹ̀ nínú `/proc/interrupts` láti mọ orúkọ ẹni tó ni ín. `/proc/acpi/wakeup` ló to àwọn ohun tó lè jí ẹ̀rọ, àti bóyá a fún wọn láṣẹ (enabled) tàbí a kò fún wọn (disabled). Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí a ń ki USB sí, tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ XHC, ló ń dí yín lójú oorun, ẹ lè pa á:

`echo XHC | sudo tee /proc/acpi/wakeup`

Ẹ kíyè sí i pé ṣe ni àṣẹ yìí ń yí ipò padà, kì í kàn án pa lásán. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan fáìlì power/wakeup ti ohun èlò kọ̀ọ̀kan nínú /sys láàyò, níbi tí a ti ń kọ disabled tàbí enabled ní tààràtà.

Hibernate

Hibernate nílò swap (àyè tí kernel ń kó ohun inú RAM sí) tó wà lórí díìsìkì, zram kò lè ṣe é nítorí inú RAM lòun fúnra rẹ̀ ń gbé. Swap náà kò fi dandan tóbi tó RAM, nítorí kernel máa ń gbìyànjú láti jẹ́ kí ẹ̀dà tó ń kọ kéré sí iye tó wà nínú `/sys/power/image_size`, tí í ṣe nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún RAM bí ẹ kò bá yí i. Bí ẹ bá kọ 0 sínú rẹ̀, kernel á mú ẹ̀dà náà kéré débi tó bá lè kéré dé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní láti sọ fún kernel ibi tí yóò ti rí ẹ̀dà náà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbéra. Nínú `/etc/default/grub`, tí í ṣe fáìlì ètò GRUB tó ń gbé kernel dìde, ẹ fi `resume=UUID=` àti UUID (àmì ìdánimọ̀) swap yín kún GRUB_CMDLINE_LINUX, kí ẹ sì tún fáìlì GRUB kọ pẹ̀lú `grub-mkconfig -o /boot/grub/grub.cfg`. Bí swap yín bá jẹ́ fáìlì lórí ext4, UUID ìpín díìsìkì tí fáìlì náà wà lórí rẹ̀ ni ẹ ó kọ, ẹ ó sì fi `resume_offset=` kún un; nọ́ńbà àkọ́kọ́ lábẹ́ physical_offset nínú èsì `filefrag -v` ni iye rẹ̀. Initramfs, ètò kékeré tí kernel ń kọ́kọ́ lò nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbéra, náà gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa resume, kí ó sì ṣe é kí a tó so díìsìkì mọ́ ẹ̀rọ (mount).

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí kò gba àwàdà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wà nínú hibernate, ẹ má ṣe gbé ètò mìíràn dìde lórí kọ̀ǹpútà kan náà kí ẹ sì lọ kọ nǹkan sórí díìsìkì Linux yín. Ẹ̀dà tó wà nínú swap rò pé díìsìkì ṣì rí bí òun ṣe fi í sílẹ̀, bí ó bá jí tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan, fáìlì yín yóò bàjẹ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá lajú

Apá yìí kò nílò ìtọ́sọ́nà púpọ̀, nítorí ohun tí kernel yàn fúnra rẹ̀ sábà máa ń dára. Ohun kan péré ni mo rí i tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì mú: orúkọ náà powersave nínú scaling_governor, fáìlì tó ń pinnu bí processor ṣe ń yan eré rẹ̀. Lábẹ́ intel_pstate tó wà ní ipò active, powersave ń yí eré processor padà bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ sí. Lábẹ́ driver bíi acpi-cpufreq, ó ń so processor mọ́ eré tó kéré jù lọ, ẹ̀rọ á sì máa wọ́ ẹsẹ̀. Ẹ wo scaling_driver kí ẹ tó yan èyíkéyìí. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá kọ `intel_idle.max_cstate=1` sí ìlà àṣẹ kernel láti wo àìsàn kan sàn, kí ó rántí pé ó ti gba ìsinmi tó jinlẹ̀ lọ́wọ́ processor, òògbé pẹ̀lú yóò sì jìyà rẹ̀.

Fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan, kíkọ auto sínú fáìlì power/control rẹ̀ ń jẹ́ kí kernel fi í sínú ìsinmi nígbà tí kò bá níṣẹ́. Fún USB, kernel fúnra rẹ̀ kì í ṣe èyí fún ohunkóhun yàtọ̀ sí hub, ó sì ní ìdí: kíbọọ̀dù àti máàsì kan wà tó máa ń pàdánù ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi. Ẹ ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ètò náà lè dúró

Gbogbo ohun tí a bá kọ sínú /sys ló ń parẹ́ nígbà tí a bá tún ẹ̀rọ gbé. Fún oorun, ẹ kọ `mem_sleep_default=deep` tàbí `mem_sleep_default=s2idle` sí ìlà àṣẹ kernel lọ́nà kan náà tí ẹ gbà kọ resume. Fún àwọn fáìlì yòókù, ìlà kan nínú `/etc/tmpfiles.d/` ti tó lórí ètò tó ń lo systemd, bí àpẹẹrẹ:

`w /sys/power/image_size - - - - 0`

Àwọn fáìlì power/control àti power/wakeup ló yàtọ̀: udev, ètò tó ń ṣiṣẹ́ nígbàkúùgbà tí ohun èlò kan bá wọlé, ni kí ẹ fi ṣètò wọn, nítorí a lè yọ ohun èlò náà kí a sì tún kì í bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí tmpfiles ti ṣe tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn tí ẹ bá tún ẹ̀rọ gbé, ẹ ka `/proc/cmdline` láti rí i pé ohun tí ẹ kọ dé ọ̀dọ̀ kernel ní tòótọ́, kí ẹ jẹ́ kó sùn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì wá "PM: suspend entry" nínú dmesg, àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń ṣe. Irú oorun tí ẹ̀rọ sùn wà nínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.