Bí Èmi àti Ọkọ Mi Ṣe Lọ Wo Bọ́ọ̀lù ní San Siro

Bí ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín bá ń gbèrò àtilọ wo bọ́ọ̀lù ní ìlú Milan, ẹ fi owó bàálù sápò ná. Ètò ìdíje tí Serie A, líìgì tó ga jù ní Ítálì, máa ń gbé jáde kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ kì í sọ ju òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹgbẹ́ méjì yóò pàdé lọ. Ọjọ́ gan-an àti aago rẹ̀ di ẹ̀yìn, nígbà tí wọ́n bá ti mọ èyí tí tẹlifíṣọ̀n yóò gbé sí afẹ́fẹ́. Ìdíje tí ẹ rò pé ọjọ́ Àìkú ni lè bọ́ sí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tàbí ti ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá ti san owó bàálù tí kò ṣeé dá padà ti kó sí wàhálà nìyẹn.

Èmi ni olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù nínú ilé wa. Inter ti ìlú Milan ni ẹgbẹ́ tí Kanu Nwankwo lọ ní 1996, ibẹ̀ náà ni Ọbáfẹ́mi Martins ti ń jẹ góòlù tó sì ń ta òkìtì kó tó kọjá sí Newcastle ní 2006. Láti ìgbà Martins yẹn ni ọkàn mi ti wà ní San Siro, pápá tí Inter àti ẹgbẹ́ kejì ìlú náà, tó ń jẹ́ Milan, jọ ń lò. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kì í wo bọ́ọ̀lù. Àwòrán àtijọ́ àti ilé àtijọ́ ló máa ń fà á. Àdéhùn wa kò ṣòro: èmi yóò mú ohun kan tó wù mí, òun náà yóò mú ọ̀kan, àwa méjèèjì yóò sì jọ lọ síbi méjèèjì. Mo fẹ́ràn ètò yìí ju kí kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, la gbà. Òfin wọn ni pé ẹ lè fìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 15 kí ẹ tó gbéra. Ìwé ìdójútòfò tó tó 30,000 owó yúrò ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Níwọ̀n bí ọjọ́ ìdíje ti máa ń pẹ́ kó tó fìdí múlẹ̀, a kọ ọjọ́ tó gba òpin ọ̀sẹ̀ náà já, láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a sì mú hòtẹ́ẹ̀lì tó gbà pé kí ènìyàn fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi yòówù kí ìdíje bọ́ sí, a ti wà níbẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù ní Ítálì máa ń ní orúkọ lára. Orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ nígbà tí ẹ bá ń rà á, nítorí wọn yóò fi méjèèjì wéra lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra tọwọ́ àwọn tó ń kiri rẹ̀ níwájú pápá: orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára ìwé yẹn. Ìkànnì ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni mo ti rà á. Àwọn tó ní káàdì ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tà fún, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló máa ń kan gbogbo ayé, nítorí náà mo ń yẹ ibẹ̀ wò láràárọ̀.

Àwọ̀ ni wọ́n fi pín San Siro. Apá ìwọ̀ oòrùn ni pupa, ìlà oòrùn ni àwọ̀ ọsàn, àríwá ni àwọ̀ ewé, gúúsù ni búlúù. Ẹ̀yìn òpó góòlù tó wà ní àríwá ni àwọn alátìlẹ́yìn Inter máa ń dúró sí tí wọ́n á máa kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ti Milan wà ní gúúsù. Ẹni tó bá mú ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù lọ, kó má mú un lọ sáàárín wọn, nítorí ó lè má rí bọ́ọ̀lù rárá. Àgbékà kẹta ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù, téèyàn á sì máa wo ìṣeré látòkè, àmọ́ ó ga, ó sì dà gẹ̀rẹ́. Mo mú àgbékà kejì, lápá àwọ̀ ọsàn. Níbẹ̀, ojú rí pápá délẹ̀, etí sì ń gbọ́ orin àwọn ará àríwá.

Mo tún fẹ́ yára lọ nítorí ohun mìíràn. Ní 1926 ni wọ́n ṣí pápá yẹn, tí Inter na Milan ní 6-3 lọ́jọ́ ìṣíde. Ní 2025, ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tà á fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Tuntun ni wọ́n fẹ́ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì wó èyí tó pọ̀ jù nínú ògbólógbòó yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn òpó ńláńlá 11 yẹn àti irin pupa tó gbé òrùlé wọn, kó má fi falẹ̀.

Àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Leonardo da Vinci yà ni ọkọ mi mú ní tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣòro rí ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Àfi kí ẹ máa ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bá gbé e síta. Ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n ń fún àwọn tó bá wọlé, ilẹ̀kùn á sì ti lẹ́yìn yín. Ara ògiri gbígbẹ ni Leonardo ya àwòrán náà sí, èyí ló fà á tó fi ń hó kúrò láti ìgbà ayé rẹ̀. Ní 1943, bọ́ǹbù wó iyàrá tí àwòrán náà wà, àmọ́ ògiri yìí dúró torí àpò iyanrìn tí wọ́n ti tò sí i. Mo ti rí i nínú ìwé láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ọkọ mi ló fi ohun tí mi ò rí hàn mí.

“Wo ìsàlẹ̀ tábìlì yẹn, ìyàwó mi. Ẹsẹ̀ Jésù dà?”

Mo wò ó, kò sí ẹsẹ̀. Ní 1652 ni wọ́n la ilẹ̀kùn sára ògiri náà, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ Rẹ̀ lọ. Ẹnu ọ̀nà ọ̀hún ti dí padà, ojú àpá rẹ̀ ṣì wà gbangba.

A gun òkè Duomo, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú Milan, náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bo èjìká àti orúnkún yín kí wọ́n má baà dá yín padà. Orí omi ni wọ́n ti ń kó òkúta funfun tí wọ́n fi kọ́ ọ wá láti Candoglia, ibi tí wọ́n ti ń wa á, títí dé odò àfọwọ́gbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Naviglio Grande. Etí odò yẹn gan-an la jókòó sí nírọ̀lẹ́ tí a ń jẹ ráìsì aláwọ̀ òféfèé tí wọ́n fi sáfúrọ́ọ̀nù sè.

Lọ́jọ́ ìdíje, reluwé abẹ́ ilẹ̀ M5 ló gbé wa dé ẹnu pápá. Kò ní awakọ̀, nítorí náà ẹ sá lọ síwájú pátápátá, ẹ ó máa wo ihò bó ṣe ń bọ̀ lójú yín. Wọ́n yẹ àpò wò, wọ́n gba ìdérí ìgò omi wa, wọ́n wo pásípọ́ọ̀tù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí gòkè lójú ọ̀nà tó lọ́ mọ́ ara pápá náà. Nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ẹni tó di makirofóònù mú á pe orúkọ àkọ́kọ́, gbogbo pápá á fi orúkọ ìdílé dáhùn, bí elégbè ṣe ń gba orin lẹ́nu apohùn. “Lautaro!” “Martínez!” Nígbà tó di orúkọ kẹrin, ọkọ mi ti dìde, ó ń wo ẹnu ẹni tó wà níwájú wa kó lè mọ ohun tí yóò pè, ó sì ń pè é tagbáratagbára. Mo wò ó tayọ̀tayọ̀. Kò jókòó títí rẹfirí fi fọn fèrè.

Tí ìdíje bá parí, ẹ má tò sẹ́nu ọ̀nà M5. Èrò ibẹ̀ pọ̀, wọn kì í sì jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá wa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Lotto, ibùdókọ̀ tí M1 àti M5 ti pàdé, kò jìnnà. Tó bá jẹ́ ìdíje aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú 15 alẹ́ ni, ó máa ń tó aago 11 kí ènìyàn tó bọ́ síta, nítorí náà ẹ má mú bàálù òwúrọ̀ kùtù fún ìpadàbọ̀. Ti ọ̀sán la mú. A sùn dáadáa, a mu kọfí ní ibùdókọ̀ Cadorna, a sì wọ reluwé Malpensa Express láti ibẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú.