Lílì Perú ní Abuja: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tó ń pa á lọ́wọ́ yín

Òdòdó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni alstroemeria, èyí táwọn kan ń pè ní lílì Perú. Tẹ́ ẹ bá ti lọ síbi ìgbéyàwó ńlá kan ní Abuja ẹ máa ti rí i lórí tábìlì, òun lèyí tó ní ìlà tín-tín-tín dúdú láàárín, ó sì máa ń pẹ́ nínú omi gan-an, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rọ. Ó yẹ kéèyàn fẹ́ gbìn ín sílé lóòótọ́. Ohun tó ń dùn mí ni bí àwọn èèyàn wa ṣe ń náwó lé e lórí, wọ́n á gbìn ín, á kú, tàbí kó kàn máa hu ewé ṣáá láìyọ òdòdó, wọ́n á wá ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni ò gbà á. Irọ́ ni o. Bí wọ́n ṣe gbìn ín ni ò dáa.

Àṣìṣe tó bí gbogbo àṣìṣe yòókù ni kéèyàn lọ ka ohun táwọn ará Ìlú Ọba kọ kó sì ṣe é bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, òtútù lọ̀tá, ilẹ̀ máa ń dì débi pé gbòǹgbò á kú sínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn ti ń ràn láti àárọ̀ dalẹ́. Irú tí wọ́n ń yìn pé ó lágbára níbẹ̀, òtútù ló lágbára fún, kì í ṣe ooru. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ní Abuja lóṣù kẹta, ooru ọ̀sán máa ń kọjá digíì 35 Celsius, ẹ wá gbé òdòdó yìí síwájú irú oòrùn bẹ́ẹ̀, kí lẹ rò pé á ṣẹlẹ̀?

Ooru inú ilẹ̀ ló ń darí òdòdó yìí, kí ẹ mọ ìyẹn dáadáa. Tí ibi tí gbòǹgbò ẹ̀ wà bá gbóná kọjá nǹkan bíi digíì 20 sí 22 tó sì wà bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, kò ní yọ ọ̀pá tó ń ru òdòdó mọ́, ewé nìkan lá máa hù. Àwọn tó ń gbìn ín tà ní Netherlands mọ̀ bẹ́ẹ̀ débi pé wọ́n ń fi páìpù omi tútù gba inú ilẹ̀ kọjá láti mú gbòǹgbò ẹ̀ tutù. Àbúrò mi kan ní Kubwa pè mí lọ́dún tó kọjá, ó ní, "Àǹtí, ewé ẹ̀ ti ga dé àyà mi, mi ò tíì rí òdòdó kan ṣoṣo." Nígbà tí mo débẹ̀, póòtù rọ́bà dúdú ló gbìn ín sí, ó gbé e sórí íńtálọ́ọ̀kì níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń kọjú sí i. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ póòtù yẹn lágogo mẹ́ta ọ̀sán, mo yára gbé ọwọ́ mi kúrò. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò wà o! Omi tó ń bu sí i lójoojúmọ́ gan-an, kó tó wọlẹ̀ tán ó ti gbóná.

Nítorí náà ẹ má lo póòtù dúdú, ẹ má gbé e sórí íńtálọ́ọ̀kì tàbí sábẹ́ ògiri tó ń gba oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ìkòkò amọ̀ ńlá ló dáa, tàbí inú ilẹ̀ gan-an, níbi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ti lè kàn án, kí ibòòji bò ó láti bí agogo mọ́kànlá lọ. Abẹ́ igi máńgò tí ewé ẹ̀ ò ki jù ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́ néètì tí wọ́n ń ta sókè láti dín oòrùn kù. Ẹ wá fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ orí ẹ̀ kó nípọn dáadáa, ẹ má fi ilẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín tà, ẹ gbọ́ mi, ẹ má fi Abuja ṣe é, ẹ máa lọ sí Jos. Orí òkè Jos lé ní ẹgbẹ̀rún kan mítà sókè òkun, ibẹ̀ ni ọ̀dùnkún òyìnbó àti sitirọ́bẹ́rì ti ń ṣe dáadáa, Mambilla ní Taraba sì tún ga jù ú lọ. Àwọn ará Kẹ́ńyà ń gbin òdòdó yìí wọ́n ń kó o lọ tà ní Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ ìlà tó pín ayé sí méjì gba orílẹ̀-èdè wọn kọjá, ṣùgbọ́n orí òkè tó tutù ni wọ́n ti ń gbìn ín. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé a ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti Bokkos dé Vom, síbẹ̀ òdòdó tá a ń lò fún ayẹyẹ là ń dúró kí bàálù gbé wá.

Àsìkò náà tún wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbìn ín lóṣù kejì tàbí ìkẹta, ìgbà tó burú jù lọ nìyẹn. Ẹ gbìn ín bí òjò bá ń parí lọ, lóṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, kó lè ti rí ẹsẹ̀ mú kí ọyẹ́ tó dé, torí òru ọyẹ́ ló máa ń tutù tó fún un lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ọyẹ́ máa ń fa omi kúrò nínú ilẹ̀, ẹ má gbàgbé àtibomi rin ín láàárọ̀.

Gbòǹgbò ẹ̀ tún nìyí, ó funfun, ó gùn, ó sì wú bí ìka ọwọ́, ó sì máa ń dá bí ẹ bá fọwọ́ líle kàn án. Àwọn kan á fi ọkọ́ wú u láti pín in, wọ́n á gbin àwọn tó dá yẹn nìkan, kò lè hù, torí ara igi gbòǹgbò àárín tó ní ojú ni ọ̀mùnú ti ń yọ. Ẹ gbẹ́ ihò tó tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má máa gbé e láti ibí dé ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ amọ̀ tó ń gba omi dúró á mú kó jẹrà nígbà òjò, ẹ po iyanrìn àti ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà mọ́ ọn kẹ́ ẹ sì ṣe ebè. Ìgbẹ́ adìẹ tútù, rárá. Ajílẹ̀ yúríà náà, rárá, ewé lá máa hù lé ewé.

Tí ewé ẹ̀ bá wá pọ́n tó gbẹ lóṣù kẹta sí ìkẹrin, ẹ má tìtorí ẹ̀ wú u dànù, gbòǹgbò ẹ̀ ṣì lè máa sùn nísàlẹ̀. Ẹ dín omi kù, ẹ má dá a dúró pátápátá.

Tó bá wá yọ òdòdó, ọ̀bẹ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú. Ọdún àkọ́kọ́ nìkan nìyẹn dáa, torí gbòǹgbò ò tíì dilẹ̀ mú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di ọ̀pá náà mú nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ yí i díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fà á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á ké pọ́, ibi tó ti já yẹn ni ọ̀mùnú tuntun á ti yọ. Èyí tẹ́ ẹ bá fọ̀bẹ gé, ìdí ẹ̀ á dúró síbẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí tuntun tètè jáde. Bẹ́ ẹ ṣe máa fa àwọn ọ̀pá tó ń hu ewé lásán náà nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, ẹ má fa gbogbo ẹ̀ tán o, torí ewé ló ń bọ́ gbòǹgbò.

Àárọ̀ kùtù lẹ máa já a, nígbà tí ìrudi àkọ́kọ́ bá ti ní àwọ̀ tó fẹ́ là, kẹ́ ẹ sì tì í bọ omi tó mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ewé tó bá máa wọnú omi, ẹ ya á kúrò. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgò tó ń pọ́n nínú mọ́tò, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èso wọ̀nyẹn máa ń jẹ́ kí òdòdó yìí tètè já bọ́. Kẹ́ ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ iṣẹ́, torí oje tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìka àwọn kan yún wọn, kó pọ́n, kó sì máa bó, ẹni tó bá sì ti bá a jà lẹ́ẹ̀kan, á máa bá a jà nígbàkigbà tó bá tún fọwọ́ kàn án.